ÀÀLÀ ÀTI Ọ̀RỌ̀: ÒṢÈLÚ, Ẹ̀SÌN ÀTI LÍTÍRÉṢỌ̀ LÁTI OJÚ MÀLÚÙ RÓÒDÙ

 Mo júbà àwọn olùkọ́ mi, àwọn tí ó wà láàyè àti àwọn tí ó ti lọ. Bí ẹ bá rí ohun tí ó dára nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, tiwọn ni. Èyí tí ó bá wọ́ nínú rẹ̀, tèmi ni.

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹ̀sìn àti lítíréṣọ̀ ni a ní kí n sọ, ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀yà pọ̀ sí, tí ẹ̀sìn pọ̀ sí, tí ó sì gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó amúnisìn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹni tí kò bá ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí, tí ó fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò máa bá wí. Nítorí náà ni mo ṣe yan ibì kan tí n ó dúró sí. Ibẹ̀ ni Màlúù Róòdù, ní Apápá àti Ajégúnlẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó mọ bí agbègbè náà ṣe rí. Ní ọdún 1921 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté Apápá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1926, ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin ti parí. Èbúté pe òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ sì ń wá ilé. Apápá di ibùgbé àwọn ọ̀gá àti ibi ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ní Ajégúnlẹ̀ ni àwọn tí ń ru ẹrù, àwọn tí ń wa ọkọ̀, àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti rí yàrá tí agbára wọn ká. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n Ìlàjẹ wá, Ijaw wá, Urhobo wá, Ìgbò wá, Ẹ̀gùn wá, Haúsá náà wá. Orúkọ ìlú náà gan-an ti sọ ohun tí ó mú wọn wá: ajé ni wọ́n gbọ́ pé ó gúnlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan mo dúró ní ojú ọ̀nà náà. Àwọn kan ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan ti ń pe àwọn ọmọ ìjọ sí ìsìn àṣemọ́jú. Obìnrin kan tí ń ta ẹja yíyan gbàdúrà fún oníbàárà rẹ̀ pé kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, kí ó sì fún un ní sùúrù. Mo fetí sí i dáadáa, ṣùgbọ́n n kò lè sọ bóyá Mùsùlùmí ni tàbí Kristẹni. Èdè rẹ̀ kò tú u fó. Ohun tí mo gbọ́ yìí ni mo ń rò títí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Òṣèlú a máa pa ààlà, ẹ̀sìn a máa pa ààlà, ẹ̀yà náà a sì máa pa tirẹ̀. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni láti gbé ọ̀rọ̀ kọjá ààlà, kí ẹni tí ó wà ní òdì kejì lè gbọ́. Nígbà tí lítíréṣọ̀ Yorùbá bá ṣe iṣẹ́ yìí ni ó máa ń níyì jù lọ. Nígbà tí àwa tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ náà bá gbàgbé rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ń jìyà ìgbàgbé wa.

2. Ààlà òṣèlú

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ààlà tí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ní ọdún 1954 ni a yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí a sì sọ ọ́ di agbègbè tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Apápá bọ́ sínú agbègbè náà. Ajégúnlẹ̀ kò bọ́ sí i. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, ni ó wà. Bí ó ṣe rí nìyẹn títí di ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìkóríta wọn tí ó lókìkí, Boundary, kò jẹ́ kí ìrántí ààlà náà parẹ́. Ẹni tí ó ń ti Apápá lọ sí Ajégúnlẹ̀ nígbà náà ń ti abẹ́ ìjọba kan bọ́ sí abẹ́ ìjọba mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì nu eruku ti àkọ́kọ́ kúrò ní ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ní ọdún 1962, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fọ́ sí méjì, apá kan tẹ̀ lé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, apá kejì tẹ̀ lé Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Ìjọba Àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1963 a sọ Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1964 Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ sílẹ̀. Ọdún 1964 kan náà ni Hubert Ògúńdé gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìtàn ọba kan ni, ọba tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tí ó sì fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ògúńdé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wo eré náà tí kò mọ ẹni tí à ń bá wí. A kì í sọ fún ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ pé bàtà ni.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de Ògúńdé àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi ní ilẹ̀ tí ìjọba náà ń ṣàkóso. Ògúńdé fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fún wọn lésì. Ìgbà tí ìjọba ológun dé ní ọdún 1966 ni a tó mú òfin náà kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí nìyí. Òfin náà kò kọjá ààlà. Ní ojú òfin, eré tí a lè ṣe ní Apápá láìsí ìyọnu di èèwọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ọmọ kan náà, tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ní ọ̀sán, tí ó sì ń sùn ní Ajégúnlẹ̀ ní òru, lè gbọ́ òtítọ́ ní ibi iṣẹ́, kí ó má lè gbọ́ ọ ní ilé. Ṣùgbọ́n orin eré náà ti wà nínú àwo. Àwo kò gba ìwé àṣẹ kí ó tó kọjá ní Boundary. Ohun tí a ń pè ní agbára lítíréṣọ̀ nìyẹn. Ìjọba lè ti òṣèré mọ́ ìta, ṣùgbọ́n kò lè ti orin tí ó ti wà lẹ́nu ará ìlú mọ́ ibì kankan.

3. Ààlà ẹ̀sìn

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja yẹn. Kí ni ó fà á tí n kò fi lè mọ ẹ̀sìn rẹ̀ nínú àdúrà rẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ìtàn èdè wa. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń tú Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884, ẹ̀sìn Ìmàle ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn Mùsùlùmí ti ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn Kristẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ, Crowther kò sì tijú láti yá a lò. Àdúrà, wàásù, àlùfáà, wòlíì, àlàáfíà, sùúrù: ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti kọ́kọ́ wọ inú èdè wa kí wọ́n tó wọ inú Bíbélì. Bí Kristẹni Yorùbá bá ń gbàdúrà lónìí, ahọ́n tí ó yá lọ́wọ́ Mùsùlùmí ni ó fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ọlọ́run tí ó sì ń pè yẹn, orúkọ tí àwọn baba wa tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń pè é ni.

Àwọn babaláwo náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nínú Ifá, odù Òtúrá Méjì ni ìtàn àwọn Ìmàle ti gba àyè jù lọ. Ifá kò sọ pé kí a lé àlejò náà. Ó fún un ní ìjókòó nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí olóṣèlú tó máa sọ fún wa pé àwọn ẹlẹ́sìn lè gbé pọ̀, èdè wa ti ń ṣe é tipẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a rò pé gbogbo ìtàn náà dùn. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí ó ṣí ilẹ̀kùn kan ni ó ti òmíràn. Èṣù ni a fi tú Sàtánì. Èṣù tí àwọn tí ń bọ ọ́ mọ̀ sí ẹni tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tí ń ṣọ́ ìkóríta, di ẹni ibi. Àwọn oníwàásù Mùsùlùmí náà gba ìtumọ̀ yìí lò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n ó sọ aládùúgbò tí ń bọ Èṣù di olùsìn ẹni ibi, láìjẹ́ pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa tí ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn lè gbèjà aládùúgbò wa, ó sì lè tà á fún ẹni tí ó kórìíra rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládípọ̀ kọ orin ọdún Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ kò fara mọ́ ọn. Lójú tiwọn, ìlù òrìṣà kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Ládípọ̀ kò bá wọn jà. Ó gbé orin rẹ̀ jáde sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè gbọ́ ọ. Ní ọdún 1962 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní ọdún 1963 ó gbé Ọba Kò So jáde, ní ọdún 1964 ó sì gbé e dé Berlin ní Jámánì. Lónìí, ẹ wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní agbègbè Màlúù Róòdù ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó bá gángan níbẹ̀. Ìlù tí a lé jáde ti padà wọlé, kò sì sí ẹni tí ó tún ń bèèrè ibi tí ó ti wá. Eré orí ìtàgé ni ó kọ́kọ́ gbé ìlù náà kọjá ààlà, ìjọ sì wá tẹ̀ lé e.

Olóṣèlú ní tirẹ̀ kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala kẹwàá, sọ pé Ìjọba Àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Kò pé oṣù mẹ́fà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Zamfara fi kéde òfin Ṣàríà ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, àríyànjiyàn sì gba gbogbo Nàìjíríà kan lórí ohun tí abala kẹwàá yẹn túmọ̀ sí. N kò wá síbí láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ẹ̀sìn bá di àkàbà tí a fi ń gun orí oyè, ọ̀rọ̀ tí ó ti jẹ́ ti gbogbo wa tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ti apá kan.

4. Ààlà ẹ̀yà

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi fúnra mi. Ní ọdún 1998, ìjà ilẹ̀ àti omi bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ijaw ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ẹbí ní Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 1999 ń parí lọ, ìjà náà dé Ajégúnlẹ̀, ó sì di ti Yorùbá àti Ijaw. Àwọn tí wọ́n jọ ń fa omi ní kànga kan náà dojú ìjà kọ ara wọn. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ìjà mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ti Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí tún ṣòfò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà ni. Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ìjà àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, Yorùbá Ronú ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. A ṣe àyẹ̀wò orin rẹ̀, a ṣe àyẹ̀wò àmì àti àfiwé inú rẹ̀, a jíròrò lórí Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá. Ìwé ìròyìn tí àwòrán ilé jíjóná wà nínú rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. N kò dárúkọ Ajégúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò sì bi mí, nítorí pé n kò kọ́ wọn láti bèèrè.

Ó ti pẹ́ kí n tó mọ àṣìṣe mi. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú orúkọ eré náà. Yorùbá ni ọ̀kan, Ronú sì ni èkejì. Àwọn olóṣèlú mú ti àkọ́kọ́, wọ́n fi ṣe àsíá. Wọ́n fi ti kejì sílẹ̀. Èmi olùkọ́ náà, tí iṣẹ́ mi jẹ́ ti kejì, ti àkọ́kọ́ ni mo ń kọ́ni. Bí a bá ní kí Yorùbá ronú, kí ni kí ó rò nípa ẹni tí kì í ṣe Yorùbá tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan? Bí a kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, a kò tíì ronú.

Ẹnìkan lè wí pé ẹ̀sùn yìí kan Ògúńdé pàápàá, nítorí pé Yorùbá nìkan ni ó pè. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ Ògúńdé tán. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn lu àwọn tí ń wa èédú ní Enugu. Awakùsà 21 ni ó kú. Ní ọdún 1950, Ògúńdé, ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà ní Ìjẹ̀bú, gbé eré Bread and Bullet jáde lórí ikú wọn. Àwọn tí ó kú kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Èdè wọn kì í ṣe èdè rẹ̀. Síbẹ̀ ó rí òkú wọn bí òkú ilé. Ọkùnrin tí ó sunkún àlejò ní ọdún 1950 ni ó bá ará ilé rẹ̀ wí ní ọdún 1964. Àwa tí a jogún iṣẹ́ rẹ̀ mú ìbáwí náà, a gbàgbé ẹkún.

Ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ara wa. Láti ìgbà àwọn alárìnjó ni a ti ń gbé àlejò wọ agbo eré: a gbé Tápà jáde, a gbé Gàǹbàrí jáde, a gbé ará Ìdàhọ̀mì àti òyìnbó jáde. Kí a lè rẹ́rìn-ín ni a ṣe gbé wọn jáde. Ẹ̀rín náà kò burú. Àwọn alárìnjó a máa fi ara wa pàápàá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú eré àti ìwé ìtàn-àròsọ wa ni àlejò ti ní ìyá, tí ó ti ní gbèsè, tí ó ti ń ronú lóru bí àwa náà ti ń ronú? Wọn kò pọ̀. Ẹni tí a kò bá mọ̀ ju ibi ẹ̀rín lọ, kì í ṣòro láti gbà gbọ́ pé ọ̀tá ni.

5. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń wí nínú ọkàn yín pé ìwé kò lè gba àdá lọ́wọ́ ẹni tí inú ń bí. Òtítọ́ ni. Àìríṣẹ́ṣe, ìjà ilẹ̀, àti àwọn tí ń sanwó fún jàǹdùkú ní àsìkò ìbò, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó ń dáná ìjà. Eré kan kò lè pa iná náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan tó gbé àdá, ó ti kọ́kọ́ gba ìtàn kan gbọ́ nípa ẹni tí ó fẹ́ ṣá. Inú ìtàn yẹn ni iṣẹ́ tiwa wà. Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìtàn burúkú jẹ́ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ dá lábàá. Èkíní, kí a máa kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ojú ọ̀nà tí a ń gbé. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní Yorùbá Ronú, kí ó kọ́ni ní Bread and Bullet mọ́ ọn, kí ó sì dárúkọ Ajégúnlẹ̀. Èkejì, kí a gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ kalẹ̀ láàrin èdè wa àti èdè àwọn tí a jọ ń gbé. Títí di òní, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá àti Ijaw fi ń ka ìtàn ara wọn, bí ẹni tí ó ń ti òkè òkun kí ará ilé kejì. Ẹ̀kẹta, kí a ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ Ijaw, ọmọ Ìgbò, ọmọ Urhobo tí a bí sí Ajégúnlẹ̀, tí ó gbọ́ Yorùbá bí àwa, kí ó lè fi Yorùbá kọ̀wé láìjẹ́ pé a ní kí ó kọ́kọ́ di Yorùbá. Àwọn olórin Ajégúnlẹ̀, bí i Daddy Showkey ní àwọn ọdún 1990, ti fi èdè Píjìn ṣe irú rẹ̀. Wọ́n da ọ̀rọ̀ ilé gbogbo pọ̀, gbogbo Nàìjíríà sì jó sí i. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀nà èdè Píjìn fẹ̀ ju ti èdè Crowther lọ.

6. Ìkádìí

Ààlà tí ó pín Apápá àti Ajégúnlẹ̀ ní ọdún 1964 kò sí mọ́. Ìwé òfin kan ni ó gbé e dìde, ìwé òfin mìíràn ni ó sì mú un kúrò. Àwọn ààlà yòókù kò sí nínú ìwé òfin, nítorí náà ìwé òfin nìkan kò lè mú wọn kúrò. Inú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa ara wa ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ tí a gbà wá sí ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí.

Mo ti fẹ̀bi fún ara mi lójú yín lónìí, nítorí pé mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ó jókòó síbí ṣe ju bí mo ti ṣe lọ. Bí ìjà bá tún bẹ́ sílẹ̀ níbikíbi ní ilẹ̀ yìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ yín lè bi yín ní ọjọ́ kejì pé: kí ni ìwé tí a ń kà yìí sọ nípa rẹ̀? Kí ẹ sì ní èsì.